Ọkọ̀ Tí Ìtọ́kọ̀ Rẹ̀ Wà Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Àwọn tó ń wá láńdírófà àtijọ́ kiri máa ń bi mí pé kí ló ń sọ ọ̀kan di ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ rìn láti Àbújá wá, tí òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì yóò sì jókòó sẹ́yìnkùlé títí koríko yóò fi bò ó. Wọ́n rò pé mo máa sọ pé ọjọ́ orí ni. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Wọ́n rò pé mo máa sọ pé dídán ni. Dídán gan-an ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ ara rẹ̀. Kí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì jẹ́ èyí tó bá a jáde níbi tí wọ́n ti ṣe é. Kí ṣáásì rẹ̀, egungun irin tó ru gbogbo ara rẹ̀, má tíì di àlẹ̀mọ́. Kí ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ ti ń ṣí. Ibi tó ti fara kọ nǹkan kì í bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n fi bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń bà á jẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní èyí. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, Ìsánlú ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ìdùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ni mo fi kọ́ ọ, àti kíka ìwé àtúnṣe ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, títí kan èyí tí òróró ti mu ìdajì rẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ bàbá mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà nìkan.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga fún ìjọba ló ń gbé kiri, láti ìgbà tí àwa ará Kábà ti wà lábẹ́ Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n ra ọkọ̀ tuntun, wọ́n ta èyí tó ń wà ní gbàǹjo, òun fúnra rẹ̀ ló sì rà á. Ó jẹ́ irú èyí tó kúrú, tó jẹ́ ínṣì méjìdínláàdọ́rùn-ún láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ara wọn láàárín àwọ̀n irin, bí ojú ẹni tó ń ronú. Àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé iná tiwọn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àwọ̀n náà ṣeé yọ. Bàbá mi ti yọ ọ́ fi yan ẹja létí odò rí, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀ kó tó di pé wọ́n tẹ̀ síwájú.

Ara ọkọ̀ náà kì í ṣe irin. Alumíníọ́mù ni, ojò kò lè mú kó dípẹtà. Ṣáásì tó wà nísàlẹ̀ àti ògiri tó dá ẹ́ńjìnnì sí ọ̀tọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ awakọ̀ ni irin, ibẹ̀ sì ni mo máa ń kọ́kọ́ fi ìka kàn bí wọ́n bá pè mí wá wo ọkọ̀ kan. Ọ̀pá kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Èyí tí orí rẹ̀ dà bí ìyeyè ni awakọ̀ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ bó bá fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà. Èyí tí orí rẹ̀ pupa ni yóò fà sẹ́yìn bí ẹrẹ̀ bá ti mu ọkọ̀ dé ìbàdí. Gíláàsì ilẹ̀kùn kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀. Ńṣe ni a máa ń tì í síwájú, tì í sẹ́yìn. Ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé ìjọba, èyí tí kì í dán.

Ó ní ojú àpá púpọ̀. Bàbá mi kì í pè wọ́n ní àbùkù. Orúkọ ibi tó ti gbà wọ́n ló ń pè wọ́n. Ihò ńlá tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ń jẹ́ Odo-Ape, nítorí afárá kan níbẹ̀. Ẹ̀júkù ni ìlà gígùn tó wà lára ilẹ̀kùn, níbi tí kùkùté ti fá a lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé ìyàwó tuntun lọ nínú ojò. Tó bá ń fọ ọkọ̀ náà, ó máa ń fi àkísà nu àwọn ojú àpá wọ̀nyẹn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ jù lọ ni pé kí ìjọba tó ní kí gbogbo ayé máa gba ọwọ́ ọ̀tún lójú títì ni wọ́n ti kó o wọ̀lú. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà. Òfin yí padà, ọkọ̀ kò yí padà. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ igbó ni bàbá mi ń jókòó sí tó bá ń wakọ̀. Bí tírélà bá wà níwájú rẹ̀, ìdí tírélà àti koríko nìkan ló ń rí. Ìyá mi tó wà lọ́wọ́ òsì ló ń yọ orí síta wo ọ̀nà fún un. Ìyá mi kò mọ ọkọ̀ wà, síbẹ̀ kò sí ọkọ̀ kan tí bàbá mi kọjá lójú títì láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí kì í ṣe òun ló ní kó kọjá.

Wọ́n máa ń jà lórí rẹ̀.

“Mo ní kí ẹ máa lọ, ẹ ò lọ.”

“Ohùn rẹ kò dá mi lójú.”

“Kò burú. Ẹ dúró kí tírélà náà fúnra rẹ̀ wá sọ fún yín.”

Tí ìyá mi kò bá bá a lọ, bàbá mi kì í kọjá ẹnikẹ́ni. Yóò máa tẹ̀ lé ìdí ọkọ̀ tó ru igi, jẹ́jẹ́, títí ọlọ́kọ̀ náà yóò fi yà.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, ojú gbogbo wa yí padà. Ìlọrin la ti ń kọjú sí látọjọ́ yìí. Wọ́n ní ká kọjú sí Lọ́kọ́ja. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ wa kó ẹrù wọn kúrò ní Ìlọrin, ibùsùn lórí ọkọ̀, adìyẹ nínú agbọ̀n, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì mọ ibi tí wọ́n máa sùn ní Lọ́kọ́ja. Bàbá mi gbé ẹrù àwọn kan lára wọn. Ọ̀nà tó ti máa ń dá páropáro tẹ́lẹ̀ kún fún ọkọ̀, àwọn ọlọ́pàá sì wá ń dúró níbi tí a kì í ti í rí wọn. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ mọ ìdí tí obìnrin kan fi jókòó síbi awakọ̀ láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn tẹ orí ba, ó wo inú ọkọ̀. “Baba, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?”

“Èmi ni,” ni ìyá mi dáhùn. “Òun kàn ń bá mi di nǹkan roboto yẹn mú ni.”

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín títí tí fìlà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀rín lẹ́nu.

Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ kápẹ́ńtà ní Kábà, wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ni ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó kù fún bàbá mi, kò sì sí ohun tí kò lè ṣe fún un. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé ìtọ́kọ̀ yìí lọ sí òsì bíi ti gbogbo ayé. Mo mọ wẹ́dà kan tó máa ṣe é tí ẹ ò ní mọ̀.”

Bàbá mi bi í pé, “Níbo wá ni ìyàwó mi máa jókòó sí?”

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Inú ọkọ̀ náà ni àìsàn ti bá bàbá mi. Wọ́n ń ti Odo-Ape bọ̀ pẹ̀lú iṣu, òun àti ìyá mi nìkan. Ìyá mi sọ fún mi pé òun ní kó máa lọ, ọ̀nà ṣófo, kò sì dáhùn. Ó rò pé ìjà ìgbà gbogbo ni. Nígbà tó bojú wò ó, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ sì ti ń wọ koríko lọ. Ìyá mi tí kò fọwọ́ kan nǹkan nínú ọkọ̀ yẹn rí ló fa bíréèkì ọwọ́ sókè.

Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí tọ́jú rẹ̀ débi tí agbára wọn mọ, lẹ́yìn náà a gbé e lọ sí Ìlọrin. Ọkọ̀ ẹlòmíràn la fi gbé e. Mo gbàyè níbi iṣẹ́ mi, mo sì jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ oṣù, èmi àti ìyá mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Iyè rẹ̀ ni kò padà. Lọ́jọ́ kan yóò pè mí ní bàbá rẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn yóò bi mí bóyá dókítà ni mí. Ó máa ń wo ìyá mi bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú àmọ́ tí kò rántí ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò gbàgbé. Ẹni tí kò mọ orúkọ mi mọ iye ìgbà tó yẹ kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ fọn epo kó tó tan ẹ́ńjìnnì náà ní àárọ̀ ọ̀yẹ́. Tó bá dùbúlẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ máa ń tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀, níbi tí ọ̀pá olórí ìyeyè yẹn máa ń wà. Yóò tẹ̀ ẹ́, yóò dúró, yóò wá fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé inú ẹrẹ̀ ló wà.

“Ta ló ń tan ẹ́ńjìnnì mi?” ló máa ń bi wá láràárọ̀.

“Àbúrò yín ni, Bàbá.”

“Kó máa jẹ́ kí àtẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀. Kó má jẹ́ kí eku wọ̀ ọ́.”

Mo sọ èyí fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí a má ṣe gbé bàbá mi lọ síbi tuntun rárá. “Ẹ dá a padà sáàárín ohun tó mọ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀ lè bá wa pe ohun tí orí rẹ̀ gbàgbé padà. Mi ò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n tí ó bá máa padà, ọ̀nà ibẹ̀ ni yóò gbà.” Ìyá mi gbọ́ ọ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà kò sí ohun mìíràn tí a ń rò. A máa mú un délé, a máa gbé e sí ìdí ìtọ́kọ̀ náà ní ọwọ́ ọ̀tún, ìyá mi yóò jókòó sí òsì, a ó sì máa wo ojú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ikú fi sílẹ̀ kì í padà wá bá ohun tó fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí àìsàn dì í mú, a ó jù ú nù. Yàrá rẹ̀, a ó tún ògiri rẹ̀ rẹ́. Àwọn àgbà ní tí àìsàn bá padà wá, kó má baà dá ilé mọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì máa ń dùn mọ́ mi. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé inú ọkọ̀ ni àìsàn ti di bàbá mi mú.

Ó sọ sí àbúrò rẹ̀ lọ́kàn. Ọkùnrin náà pe àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi jọ, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, àwọn tí ọkọ̀ náà ti gbé ẹrù wọn, tó ti gbé ìyàwó wọn, tó ti gbé òkú wọn dé ilé. Wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kó padà wá bá ọkọ̀ àìsàn. Ẹni tó ní ọ̀dà mú ọ̀dà wá. Ẹnì kan mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn Japaní wá. Ẹnì kan mú fóòmù àti awọ àga. Wọ́n ṣiṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ìyàwó àbúrò bàbá mi sì ń gbé oúnjẹ fún wọn.

Nígbà tí a dé, gbogbo wọn dúró níwájú ilé pẹ̀lú aṣọ funfun. “Òkun o, Baba. Òkun o,” ni wọ́n fi kí i, bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi ń dá wọn lóhùn dáadáa, nítorí ìkíni kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n wá pín sí méjì kí ó lè rí ohun tó wà lẹ́yìn wọn.

Ọkọ̀ funfun ni, ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí ara mi nínú rẹ̀. Odo-Ape ti lọ. Ẹ̀júkù ti lọ. Wọ́n ti fi páànù irin ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ tuntun fún un, wọ́n sì ti gbé iná síbẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ìgbàlódé. Wọ́n ti gbé ìtọ́kọ̀ lọ sí òsì. Àbúrò bàbá mi dúró tì í, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi wo ọkọ̀ náà. “Ọkọ̀ ta nìyí?”

“Tiyín ni, Ẹ̀gbọ́n.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré. Ó yí sí ìyá mi. “Àlejò wà nílé. Ẹ wá oúnjẹ fún ẹni tó ni ọkọ̀ yìí.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó tún wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi jáde lọ síbi tó máa ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún, ó gòkè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síwájú. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá onílé, ó sì bi mí pé, “Níbo lẹ gbé láńdírófà mi sí?”

Ìbéèrè náà ni ó ń béèrè láti ìgbà náà lọ. Lọ́sàn-án, yóò mú ọ̀pá rẹ̀, yóò rìn dé ibi tí àwọn mẹkáníìkì wà, yóò bi wọ́n bóyá ó wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún un pé kò sí níbí, Baba. Irọ́ kọ́.

Ohun tí mo mọ̀ báyìí, tí àwọn tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ náà mọ̀, ni pé nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ́ kí láńdírófà jẹ́ ọ̀kan náà tó jẹ́ tẹ́lẹ̀: ṣáásì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àti ògiri irin tó wà láàárín. Nínú tiwa, ṣáásì nìkan ló kù, wọ́n sì ti lẹ ìyẹn náà. Àmọ́ bàbá mi kò mọ ọkọ̀ rẹ̀ nípa nọ́ńbà. Ọwọ́ ló fi mọ̀ ọ́n. Mo wá rò ó pé tí a bá rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, ìyẹn lè tó.

Mo lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì gé igi kankan láti ọjọ́ tí a dé. Ó jókòó sórí pákó.

“Níbo ni àwọn nǹkan tí ẹ yọ lára rẹ̀ wà, Bàbá?”

“A há wọn fún àwọn ènìyàn. Ṣé ká kó wọn sínú ilé ni? Nǹkan tí àìsàn ti fọwọ́ kàn.” Ó fọwọ́ nu eruku orí pákó náà. “Mo rò pé ó máa wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ti ń rí i lójú mi, bó ṣe máa wà á lọ.”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

“Inú ọkọ̀ yẹn ló ti dì í mú. Ṣé kí n wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dè é?”

Èmi náà ì bá ti ṣe ohun tó ṣe, tó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà nílé.

Òun àti èmi la jọ wá wọn. Ọkọ̀ funfun náà la fi ń rìn, òun lọ́wọ́ òsì, èmi lọ́wọ́ ọ̀tún, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì wà ní Ìyàrà, níbi tí wọ́n ti ń lagi. Wọ́n ti dè é mọ́ ìpìlẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó ń yí ayùn. Mo mọ ohùn rẹ̀ kí a tó yà sí ibẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ní òun kò lè yọ ọ́, nítorí pé ìdílé mẹ́ta ló ń jẹun lára rẹ̀, ó sì tọ̀nà. Àwọ̀n irin iwájú wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń sun ẹran létí ọ̀nà, ọ̀rá ti bò ó. Ilẹ̀kùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ la wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ ìkòkò, nítorí pé alumíníọ́mù ni ohun tí wọ́n ń rà.

Ọkùnrin tó ń rọ ìkòkò náà ń da eérú nù nígbà tí a dé. Mo ṣàpèjúwe ilẹ̀kùn náà fún un, àwọ̀ rẹ̀, ìlà gígùn ara rẹ̀.

“Olùkọ́,” ló wí, “kò sí ohun tó ń jẹ́ ìlà nínú iná. Mo ti fi ṣe ìkòkò. Ìkòkò náà ti lọ sí Ogidi, ó ti lọ sí Mọpà, ó ti lọ sí ibi tí mi ò mọ̀. Àwọn ènìyàn ti ń sebẹ̀ níbẹ̀.”

Àbúrò bàbá mi bi í bóyá ó lè dá ọ̀kan mọ̀.

“Baba, ṣé ẹ lè dá igi mọ̀ lára àga?”

“Mo lè dá a mọ̀,” ni kápẹ́ńtà náà fèsì, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìtọ́kọ̀ nìkan la rí gbà. Wẹ́dà tó ṣe iṣẹ́ náà ti gbé e kọ́ sára òpó, kò sì tíì rí ẹni tó fẹ́ ẹ. Dúdú ni, etí rẹ̀ tín-ín-rín, apá mẹ́ta ló wà láàárín rẹ̀. Ibi tó ti là, bàbá mi ti fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ wé e yí po nígbà kan rí, rọ́bà náà sì ti mú ojú àtàǹpàkò rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tèmi síbẹ̀, kò bá a mu. Ìyẹn fún mi ní ìrètí.

A mú un délé ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé ìtọ́kọ̀ náà lé e lórí itan.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sáyè rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọ ojú rọ́bà náà. Ó yí i díẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí i padà. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo rí i bí ohun kan ṣe ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń di ojú rẹ̀. Ó wo ìyá mi, ó sì pè é ní orúkọ tí ó ń pè é kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí. Ìyá mi da ẹ̀wà nù sílẹ̀. Ó wo èmi náà, ó pe orúkọ mi. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó pe tirẹ̀.

Ó wá béèrè pé, “Níbo lẹ ti rí i?”

“Lọ́wọ́ wẹ́dà, Ẹ̀gbọ́n,” ni àbúrò rẹ̀ wí. Omijé ayọ̀ ti wà lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ́ńjìnnì ń kọ́?”

“Ó wà ní Ìyàrà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.”

“Ilẹ̀kùn ń kọ́?”

Àbúrò rẹ̀ wo ilẹ̀. Bàbá mi wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí rẹ̀ mọ́ kedere, ó mọ́ ju bó ṣe wà láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ, mo sì rí i tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń ṣírò ẹrẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́.

“Ẹ ti pín in,” ló wí.

Ó bo àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí rọ́bà náà. Kò bínú. Ó bi ìyá mi bí ènìyàn ṣe ń béèrè ọjọ́ ọjà: “Ìgbà wo ni mo kú?”

“Ẹ ò kú,” ni ìyá mi wí. “Ẹ wò mí. Ẹ ò kú.”

“A kì í pín nǹkan ẹni tó wà láàyè.”

Òótọ́ ni. Kò sí ọmọ wa kan tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè mọ̀ pé ọwọ́ alààyè ni, bàbá mi sì jẹ́ kó dì í mú, bí ènìyàn ṣe ń ṣe fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹ̀wà ti dà sí. Bàbá mi fi ọwọ́ kan orí rẹ̀. “O ṣe dáadáa,” ló wí fún un. “O pín in láìjà.”

Kò béèrè láńdírófà rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Iyè rẹ̀ padà tán, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe fẹ́, ó mọ gbogbo wa, ó mọ ìlú, ó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní ìkíni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ wá bí ẹni tó ti kọjá ṣe ń mọ àwọn tó fi sílẹ̀. A sọ fún un, a ṣàlàyé fún un, wọ́n pe pásítọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ mùsùlùmí náà wá. Ó gbọ́ ti gbogbo wọn pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í parí ohun tó rò pé a ti bẹ̀rẹ̀. Ó fún àbúrò rẹ̀ ní àdá àti ọkọ́. Ó fún ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ní fìlà òtútù rẹ̀. Ó fún ìyá mi ní oko iṣu, pẹ̀lú àlàyé ibi tí ààlà wà. Ó fún mi ní ìtọ́kọ̀ náà. Kò gba nǹkan kan padà, kò sì tún jókòó nínú ọkọ̀ kankan.

Ó kú nínú oorun rẹ̀, kí iṣu tuntun tó jáde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ìdílé jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti pín ogún rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n pe nǹkan kan, a sọ ẹni tó ti fún. Wọ́n pe òmíràn, a sọ ẹni tó ti fún. Nígbà tó yá, kò sí ohun tó kù láti pè, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì dìde. Ọkọ̀ funfun náà wà níwájú ilé, gbogbo wọn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó kà á mọ́ ohun tó fi sílẹ̀, nítorí kò fìgbà kankan sọ pé òun ló ni ín.